Àwọn Eṣinṣin Tí Àbúrò Mi Gbé Wálé láti Ìlọrin

Kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ ìwé kọ bí àwọn tó kàwé ṣe ń kọ ọ́. Kíláàsì kejì ni mo wà ní girama nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, láti ìgbà náà sì rèé, ohun tí mo ń kọ kò ju ẹsẹ Bíbélì tí mo bá fẹ́ há sórí lọ. Nítorí náà, bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, fi ojú fo ibẹ̀, kí o máa kà á lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́, nítorí o mọ̀ mí, bí èèyàn méjì bá ti pé síbì kan ni ohùn mi ti ń sá lọ. Ọwọ́ mi kì í tijú tó ẹnu mi.

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ló máa ń mú un padà wá. Bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kọjá lọ́jà Ìlọ́fà, tí mo rí àwọn eṣinṣin kéékèèké, àwọn tí kò tó hóró ọkà bàbà, tí wọ́n ń fò yí èyí tó ti rà ká, mo máa ń dúró. Àwọn tó ń tà á máa ń rò pé mo fẹ́ rà ni. Mi ò fẹ́ rà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń wò: ààrò mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, ìkòkò ńlá tí a fi ń bọ iṣu, àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ilé níbi tí a ń sá èlùbọ́ sí, àti àbúrò mi lórí àpótí, tó tẹ orí mọ́lẹ̀, tó ń ka òkú eṣinṣin bí ẹni tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Àbúrò mi ni mo pè é, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fi sílé-ìwé, nítorí náà kíláàsì kan náà ni a wà. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ni a ti dàgbà, ìyá tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé. Orí ẹní kan ni à ń sùn, bẹ́ńṣì kan ni a sì ń jókòó lé. Ní ọdún tí a wọ kíláàsì kejì ní girama, Yèyé ṣubú lọ́nà odò, egungun ìbàdí wọn sì yẹ̀. Bàbá tèmi ti kú nígbà náà. Àbúrò bàbá mi wá láti Ìlọrin, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti Yèyé.

"Ìwọ lo dàgbà jù," wọ́n sọ fún mi. "Dúró tì wọ́n. Bí ara wọn bá ti yá, wàá padà sílé-ìwé."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Wọ́n mú ọmọ tiwọn lọ sí Ìlọrin. Ara Yèyé yá lọ́dún kejì, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n tilẹ̀ ń dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Èmi náà kò bi ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ èlùbọ́ ni mo wá mọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé omi tí a fi ń bọ iṣu ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ó bá hó, iṣu á jinná, èlùbọ́ á sì bàjẹ́. Bí ó bá tutù jù, àmàlà rẹ̀ kò ní dúdú, kò sì ní fà. Kò sí ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ju ọwọ́ lọ. O máa ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, o máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, bí o bá lè ka ẹ̀rin láìfa ọwọ́ yọ, kò tíì tó. Yèyé ló kọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Yèyé fúnra wọn ni wọ́n ń pè mí pé kí n wá fi ọwọ́ kan tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn, ọwọ́ tó mọ ooru.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì ti ilé-ìwé pa. Àbúrò mi wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ láti Ìlọrin já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, pẹ̀lú páálí kan tó gbé sórí itan rẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé Ìlọ́fà, tí kò jẹ́ kí dírẹ́bà gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Yèyé na ọrùn wò ó.

"Ẹyin ni?"

"Rárá o, Yèyé. Eṣinṣin ni."

Yèyé wò ó títí. "Eṣinṣin. Láti Ìlọrin. Ṣé ti ibí ti tán ni?"

Ó ṣí páálí náà. Ìgò ló wà níbẹ̀, ìgò ẹnu gbòòrò tí ó fi òwú dí lẹ́nu. Àwọn eṣinṣin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n wà nínú wọn, ojú wọn pupa fòò, wọ́n ń gun ara ìgò lọ sókè. Yèyé ní kí ó kó wọn jáde ní ulé wọn, bí àwọn àgbà wa ti máa ń pe ilé, wọ́n ní àwọn ti fi ìgbálẹ̀ lé irú wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀. "Ẹ dákun, Yèyé. Wọ́n ti ti láàbù pa, kò sí ẹni tó máa bọ́ wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo máa fi jáde nìyí. Bí wọ́n bá kú, mi ò ní lè jáde."

Ẹnu "jáde" yìí ni Yèyé ti rọ̀. Wọ́n fún eṣinṣin ní igun yàrá tó tutù jù lọ. Ibẹ̀ ni àpótí aṣọ mi máa ń wà. Èmi ni mo gbé e kúrò fúnra mi, mo gbé e sábẹ́ fèrèsé níbi tí òjò máa ń ta sí, kò sì sí ẹni tó rí i pé mo gbé nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ibẹ̀ ni ìlara náà ti tún jí. Ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó kàn máa ń sùn nígbà tí àbúrò mi bá wà ní ọ̀nà jíjìn ni.

Èmi ni mo ń se oúnjẹ wọn. Ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣúgà, ìwúkàrà búrẹ́dì, àti ohun funfun kan tó mú wá láti ilé-ìwé tó ń mú kí oúnjẹ náà dì. Mo ń rò ó bí èkọ, mo ń dà á sínú ìgò, a ó fi sílẹ̀ kó tutù. Yèyé ní àwọn kò mọ̀ pé àwọn máa dàgbà débi tí ọmọ àwọn á máa ro èkọ fún eṣinṣin.

Ọ̀nà méjì ni ìgò náà pín sí. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn àwọn kan, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin kẹrin, yóò gbé àwọn olówùú pupa sínú abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìdajì wákàtí, yóò gbé wọn jáde, yóò sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Kò fi ooru kan àwọn yòókù rárá. Láràárọ̀, yóò ka òkú inú ìgò kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ kéré, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n bára mu. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan, kí n lè máa wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń lọ lórí ìwé. Nígbà tí a wà ní bẹ́ńṣì kan náà, ìwé kíkọ mi ló dára jù.

"Kí lo ń wá gan-an lára wọn?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

Ó ní ara gbogbo ohun abẹ̀mí, yàrá kéékèèké ni a fi kọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n, ojú lásán kò lè rí wọn. Òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ooru bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ náà á ká kò, wọn ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, àwọn atúnṣe á sì jáde wá, wọ́n á máa na àwọn tó ká kò.

"Ẹ rántí nígbà tí iná wọ oko Yèyé lásìkò ọyẹ́," ó ní. "Ẹnìkan ló ké. Gbogbo àdúgbò jáde pẹ̀lú ewé tútù àti àdá, wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n tún ro etí oko náà, wọ́n kó koríko gbígbẹ kúrò. Iná tó wá lẹ́yìn náà kò rí nǹkan jẹ. Bó ṣe rí nìyẹn, Àǹtí mi. Ooru díẹ̀ ló pe àwọn atúnṣe jáde, wọn kì í sì í tètè wọlé padà. Àwọn ìdọ̀tí tí ọjọ́ ogbó ń kó jọ sínú ara, wọ́n á bá wọn gbá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àwọn olówùú pupa máa pẹ́ ju àwọn yòókù lọ."

"Bí ooru náà bá pọ̀ ńkọ́?"

"Àwọn atúnṣe fúnra wọn á jóná."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ kó yé mi lọ. Inú bí mi pé ó yé mi, nítorí bí ó bá le koko ni, ǹ bá sọ fún ara mi pé iṣẹ́ orí rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Tẹmómítà kan ló fi ń wọn omi náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí ó ti ń wo tẹmómítà ni èmi náà ń ki ọwọ́ bọ omi, láìsí ìdí, ọwọ́ mi kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ jòjòló, ó sì jìnnà sí omi iṣu. Ọjọ́ tí tẹmómítà náà yí bọ́ lórí àpótí tó sì fọ́, àbúrò mi mú orí dání. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú. Mo bu omi iṣu sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, títí mo fi ní, "Ó ti tó." Àwọn eṣinṣin wọlé, ìdajì wákàtí pé, wọ́n jáde, kò sí èyí tó kú. Ìgbà tí a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ọwọ́ yín dá mi lójú ju tẹmómítà lọ, Àǹtí mi." Mo yíjú sí ààrò kó má baà rí mi. Mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara mi fún ọjọ́ mélòó kan.

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn eṣinṣin tí ooru kò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí a bá fi ìka ta ìgò wọn, kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, àwọn arúgbó inú wọn kò lè gòkè mọ́, wọ́n á máa rákò lórí oúnjẹ. Àwọn olówùú pupa á ti gòkè dé ìdí òwú. Yèyé tó ní kí wọ́n kó wọn jáde ti wá di ẹni tó ń jí béèrè wọn, wọ́n sì ti sọ àbúrò mi ní Tísà.

"Tísà, òkú mélòó la fẹ́ sin lónìí?"

"Mẹ́rin, Yèyé. Ẹyọ kan péré nínú àwọn olówùú pupa."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wá jókòó, kí o jẹun."

Ẹ̀gbẹ́ Yèyé ni ó ń jókòó, níbi tí mo ti ń jókòó láti ọdún mẹ́jọ. Orí ẹja bọ́ sínú àwo rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Yèyé á kọ etí tó ń gbọ́ jù sí i. Èmi tí mo gbé Yèyé wẹ̀ nígbà tí wọn kò lè dìde, tí mo mọ ibi tó ń dùn wọ́n kí wọ́n tó sọ, orúkọ mi nìkan ni wọ́n ń pè, ìyẹn bí iná bá fẹ́ kú. Bóyá ó ti rí bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mi ò rí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò mọ̀ pé àyè wà fún nǹkan mìíràn.

Sátidé kan, ìyá kan nínú ìjọ wa wá ra èlùbọ́. Ó bá àbúrò mi níbi tó ti ń to ìgò, ó sì béèrè. Àbúrò mi ṣàlàyé fún un. Èmi ń ko iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi iṣu wà lórí ààrò.

"Ìyẹn ni pé ìyà ló ń fún wọn lẹ́mìí gígùn?"

"Ìyà díẹ̀ ni, mà. Bí wọ́n bá sì rí ìsinmi lẹ́yìn rẹ̀."

"Ó ti yé mi. Àwa tí à ń gun òkè lọ sóko yìí, a ti di Mètúsélà nìyẹn."

Yèyé rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọ̀pá wọn sí mi. "Ẹ wo èyí. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ìyà wo ni kò jẹ? Èyí ló máa sin gbogbo wa."

"Tísà wa yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Àdúrà la ó máa gbà fún un. Kò mọ ìyà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ibi lọ́kàn. Nílé wa, ẹni tí a fẹ́ràn ni a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá Yèyé tilẹ̀ rò pé àwọn ń yìn mí ni. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ ọ́ síta pé mo jẹ ìyà, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ohun tí mo ń rò bí mo ti ń ti igi sínú iná ni pé, ọjọ́ wo ni wọ́n gbé èmi jáde nínú omi kí n sinmi?

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ooru àwọn olówùú pupa. Àbúrò mi gbé abọ́ omi tútù wá síwájú mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ó kó ìgò náà mọ́ àyà, ó dúró. Mo bu omi iṣu sí i. Mo tún bu. Ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ nígbà tó dé ibi tó yẹ kí n dúró. Mo tún bu igbá kan sí i, mo sì tún bu òmíràn lé e.

"Ṣé ó ti tó, Àǹtí mi?"

"Ó ti tó."

Kò ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ló máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún? Ó to ìgò náà sínú omi, ó wo aago fóònù rẹ̀, ó sì lọ bá ìyá yẹn gbé èlùbọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ku èmi àti àwọn eṣinṣin. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sáré gòkè lọ sí ìdí òwú, gbogbo wọn ṣù jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan bọ́. Òmíràn bọ́. Wọn kò pariwo, kò sí bí wọ́n ṣe lè pariwo. Abọ́ náà kò jìnnà sí orúnkún mi. Mo lè na ọwọ́, kí n gbé wọn yọ, kí n ní mo ṣì í. Iná ni mo ń ko. Mo ń ko iná tó ti jó dáadáa.

Nígbà tó padà dé, tí àsìkò pé, ó gbé wọn jáde, gbogbo wọn sì ti dùbúlẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní wọ́n á dìde, wọ́n máa ń dákú díẹ̀ nígbà mìíràn. Ó gbé wọn sábẹ́ máńgòrò, ó jókòó tì wọ́n. Ẹsẹ̀ àwọn kan ń mì. Nígbà tí oòrùn fi máa fà sẹ́yìn àpáta, kò sí èyí tó ń mì mọ́.

Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé eṣinṣin kú, ẹ wá ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú rẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé kò sí òmíràn ni. Ó ní àwọn ọmọ wọn wà, nínú ìgò kan tó fi pamọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìyẹ́. Ó lè fi àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ fún, Yèyé? Ooru kan náà tí wọ́n ti gbà láìmọye ìgbà ló pa wọ́n. Ó lè jẹ́ pé irọ́ ni mo ń lé kiri. Bí kò bá sì jẹ́ irọ́, á jẹ́ pé èmi ni mo pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó wù kó jẹ́, iṣẹ́ yìí kò gba ọwọ́ mi." Ó ní òun máa kọ ọ́ bó ṣe rí, òun máa sọ fún ọ̀gá òun pé òun fi í sílẹ̀. Ó mú báírò, ó kọ ọ́, ó pa ìwé náà dé.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

Mo ní kò sí nǹkan. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Èmi ni ó ń bẹ̀.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti gbọ́ tí oníwàásù ń sọ pé ìlara kò dára rárá, bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń mú mi nígbà tí mo bá ń wo bí ó ṣe ń kọ̀wé, òun ló ń jẹ́ kí n mú Bíbélì lọ sábẹ́ máńgòrò lọ́sàn-án, kí n máa da ẹsẹ kan kọ títí àwọn lẹ́tà mi á fi dúró. Ìyẹn kò pa mí. Èyí tó pa àwọn eṣinṣin yẹn ni èyí tí mo ti ń ko iná sí lábẹ́ láti ọdún mẹ́jọ, tí mi ò gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo sì ń ronú nípa ọ̀rọ̀ iná oko tí ó sọ, pé ẹnìkan ló kọ́kọ́ ké. Ká ní kò sí ẹni tó ké ni, àdúgbò á jókòó sílé wọn, kò ní jẹ́ pé wọ́n kórìíra Yèyé. Lọ́jọ́ tí iná wọ tèmi, "Ẹ ṣé, bàbá" ni mo sọ. Mo wá ń bínú sí gbogbo èèyàn pé wọn kò gbé ewé tútù wá. Mi ò fi èyí dá ara mi láre. Àwọn tí wọ́n fi mí sílẹ̀ fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbúrò mi ló pín wa lọ́jọ́ náà, ọmọ kékeré lòun náà, níwájú bàbá rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣì ń sùn lórí ẹní wa, ó fi ẹ̀yìn sí mi. Mo mú ìwé rẹ̀ àti báírò, mo gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró títí ojúmọ́ fi tó fún mi láti kàwé. Mi ò ṣí i rí. Ó fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ọjọ́, ọ̀kan fún iye òkú, ọ̀kan fún ooru omi. Nọ́ńbà ló kọ sí ibi ooru omi ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ tí tẹmómítà ti fọ́, kò kọ nọ́ńbà mọ́. Orúkọ mi ni ó ń kọ síbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ooru, orúkọ mi, ní odindi, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, títí kan ti àná. Ní ẹ̀gbẹ́ ti àná, ó kọ ọ́ pé: "Gbogbo wọn kú. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́ jù, tàbí kí èrò mi má tọ̀nà."

Mo jókòó lórí àpótí náà. Mo kọ́kọ́ dán báírò wò lẹ́yìn ọwọ́ mi kí n má baà ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀, ní lẹ́tà ńláńlá tí kò bá tirẹ̀ mu: "O kò pẹ́. Omi náà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ nígbà tí mo ní ó ti tó. Inú ló bí mi. Má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀." Mo fi báírò sáàárín ìwé náà kí ó má baà pa dé, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, mo sì lọ dá iná.